Ìlà Tí Kò Gbọdọ̀ Pàdé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Fuad, ọmọ ọmọ mi, ní kí n máa bá fóònù yìí sọ̀rọ̀, pé yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ti sú u bí mo ṣe ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó dáa. Mi ò mọ̀wé, mi ò sì lè ka ohun tó bá kọ. Bó bá purọ́ mọ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Ọ̀yọ́ dé sí Kado níbí. Bùkúnmi, ìyàwó Fuad, wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ sì ti fẹ́ pé. Oyún kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́ dákẹ́ sí i nínú. Kò ṣàìsàn, kò rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ti àkọ́kọ́, ó ti pẹ́ tó ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù nínú ilé yìí nìyẹn, ìdákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Èmi dárúkọ rẹ̀.

Mo gbé igbá bàbá mi dání láti máa fi wẹ ọmọ. Bùkúnmi wò ó, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ná." Mo ní ṣé ó fẹ́ kí ọmọ dé tán kí n tó máa wá igbá kiri ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Fuad mú mi lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Idu, lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè. Ó fẹ́ kí n rí ẹ̀rọ rẹ̀. Lésà ni wọ́n ń pè é. Èmi pè é ní Olójú Kan. Àpótí irin ni, ojú kan ṣoṣo ló ní, ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ ló sì ń ti ojú yẹn jáde. Fuad ní kí n fi dígí dúdú bojú.

Ó tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pọ́n bí oyin. Olójú Kan ń lọ, ó ń bọ̀. Ibi tó bá wò á dúdú. Òórùn bí irun tó jó. Mo béèrè ẹni tó ń fi èédú kùn ún. Ó ní kò sẹ́ni tó kùn ún, inú ọ̀rá gan-an ni èédú náà ti jáde, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló sun ún tó fi yọ síta. Ó ní iná mànàmáná lè gba inú èédú náà kọjá. Ó fi bátìrì kan orí ìlà dúdú kan, ó fi gílóòbù kékeré kan ìdí rẹ̀. Gílóòbù tàn.

Ó ní bí òun ṣe lè ṣe é sára èèpo àgbọn nìyẹn, àti pákó, àti búrẹ́dì pàápàá. Mo ní kó má fi búrẹ́dì ṣeré. Ó fi ṣe é. Gílóòbù tàn lórí búrẹ́dì. Mi ò jẹ búrẹ́dì lónìí.

Kò ṣàjèjì sí mi tán. Bàbá mi ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Èmi ni mò ń ti irin bọ iná fún un, èmi sì ni mò ń sun ìlà sára igbá nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Iná a máa pe dúdú jáde láti inú nǹkan. Ṣùgbọ́n irin ti bàbá mi, ọwọ́ èèyàn ló dì í mú.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Ó ti yé mi, ohun tó ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ọ̀já ni. Ọ̀já tí Bùkúnmi máa ró mọ́ ikùn, tí ìlà dúdú wà lára rẹ̀, tí yóò máa gbọ́ ọkàn ọmọ. Bí ọmọ bá fẹ́ dákẹ́, ọ̀já á sọ, wọn á sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tony ló jọ ń ṣe é. Onírùngbọ̀n ni mò ń pe ìyẹn. Wọ́n ní ọsibítù kan ní Maitama ń retí i, pé bó bá ṣiṣẹ́ lára Bùkúnmi, wọn á máa ró o mọ́ àwọn aboyún mìíràn.

Fuad rí ìlà tó yí igbá bàbá mi ká, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ejò. Ó yà á sínú fóònù. Ó ní ohun tí òun ti ń wá nìyẹn, pé ìlà tó lọ tààrà máa ń já bí ikùn bá mí, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ á nà, á sì sún kì.

Mo sọ fún un pé ìlà tó bá yí igbá ká kò gbọdọ̀ pàdé ara rẹ̀. Mo fi ìka rẹ̀ kan ibi tí bàbá mi fi sílẹ̀, àlàfo tó fẹ̀ bí hóró àgbàdo. Ẹnu ọ̀nà là ń pè é. Akọ́ṣẹ́ kan mú un pàdé rí. Bàbá mi ò bínú. Ó fọ́ igbá náà, ó sì ní kí ọmọkùnrin yẹn máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Mo béèrè ìdí. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Fuad rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí kò bá pàdé, iná ò ní lè yí i ká. Á kàn dákẹ́ ni."

Bó ti pe ọ̀rọ̀ yẹn tán, gbogbo wa wo ilẹ̀. Mi ò bá a jiyàn mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá

Nígbà tí Fuad ti kírun Jímọ̀ dé, wọ́n ró ọ̀já mọ́ Bùkúnmi. Ọ̀já fẹ́lẹ́, ìlà dúdú yí i ká, orí àti ìdí pàdé. Kò sí wáyà kankan. Àpótí kékeré kan wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, gílóòbù méjì lójú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣẹ́jú bí ọkàn bá ṣe ń lù. Mo pe èkíní ní Pupa, ti ìyá. Mo pe èkejì ní Ewé, ti ọmọ.

Pupa ń rìn jẹ́jẹ́. Ewé ń sáré bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bùkúnmi sunkún. Fuad náà sunkún. Mo lọ ha ìpẹ́ ẹja.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Gbogbo ilé ń wo gílóòbù. Kò sẹ́ni tó ń wo ìyàwó.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti ń la.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Bùkúnmi ni. Ó gbé ojú sún mọ́ Ewé, ó ń fi èdè Ìsánlú, ìlú àwọn bàbá rẹ̀, bá a sọ̀rọ̀. Mo wọlé, ó dákẹ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ ni, Màmá."

"Ikùn rẹ lọmọ wà. Àpótí lò ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kì í ṣe fún èmi.

Mo wá wo Ewé fúnra mi. Ó ti pa ìrìn dà. Kò rìn bí ewúrẹ́ mọ́. Yá-yá, dúró. Yá-yá, dúró. Bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, tó ń dúró wẹ̀yìn. Mo sọ fún Fuad. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní òǹkà náà dára, ọkàn ọmọ máa ń yí padà.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Bùkúnmi wà ní balùwẹ̀. Mo wọ yàrá wọn láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ọ̀já wà lórí ibùsùn, ó tú u sílẹ̀ kó tó lọ wẹ̀. Mò ń gbọ́ tí omi ń dà.

Pupa ti kú. Ewé ń tàn. Yá-yá, dúró.

Mo dúró. Ìyàwó wà ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀já yẹn. Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe bí aṣọ tó wà lóòrùn, oòrùn ò tíì yí dé fèrèsé yẹn. Bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò ni.

Mo pe Fuad. Ó ní, "Ọyẹ́ ni, Màmá. Aṣọ gbígbẹ máa ń fa iná díẹ̀díẹ̀. Ibùsùn ló ń gbọ́." Onírùngbọ̀n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn: "Màmá, no wọ́rì. Na noise." Mo béèrè ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Fuad ní ariwo lásán ni. Mo ní ariwo lásán kì í ṣẹsẹ̀ méjì kó tó sinmi. Ó ní òun á wò ó.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí: bí nǹkan yìí bá lè lù láìsí ikùn nínú rẹ̀, báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tí ikùn bá dákẹ́?

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ tí dókítà dá ti kọjá. Kò rọbí.

Mo tú gbogbo ohun tó wà ní dídì nínú ilé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, kí ọmọ lè rí ọ̀nà wá. Mo ṣí ìkòkò, mo ṣí àpótí, mo tú irun orí Bùkúnmi, mo tú okùn tí mo fi di àpò ẹ̀wà. Àwọn aládùúgbò ní ṣé mò ń kó kúrò ni. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní dídì ni ọ̀já yẹn. Fuad ò gbà kí n fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Mo bi Bùkúnmi léèrè lówùúrọ̀ bóyá ọmọ ń yí.

"Ó ń lù dáadáa, Màmá. Ẹ wò ó."

"Mi ò bi ọ́ ní ti gílóòbù."

Ó ronú. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Láti àná, mi ò lè sọ."

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Mo dúró títí ìrẹsì fi jó lórí iná. Nǹkan kan mira níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni tó ń sùn lọ. Mo ní kí Fuad gbé e lọ sí ọsibítù. Ó wo Ewé. Ó ní, "Màmá, ó ń lù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún wa." Onírùngbọ̀n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní ọsibítù sọ bẹ́ẹ̀, pé bí ẹ̀rọ bá ń sọ pé ó dáa, ká wá lọ́jọ́ Ajé.

Gbogbo wọn gba gílóòbù gbọ́. Mo la ẹnu mi títí, ẹnu ń ro mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Mo gé e.

Fuad ń fọ ọkọ̀ níta. Bùkúnmi sùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ewé ń ṣe tirẹ̀, yá-yá, dúró. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja. Mo ti ìka bọ abẹ́ ọ̀já kí ọ̀bẹ má bàa kan ara rẹ̀, mo sì ha èédú náà kúrò ní ibi kan, ó fẹ̀ bí hóró àgbàdo. Ó ń bọ́ bí eérú. Gílóòbù méjèèjì kú.

Mo pe Fuad. Ó wọlé, ó rí òkùnkùn lójú àpótí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọdé, pẹ̀lú ikùn yẹn. Ọṣẹ ṣì wà lára ọkọ̀ nígbà tí a dé Maitama.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lọ́lá gbé nǹkan lé ikùn rẹ̀, ó tẹ́tí. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ó sáré. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ti ń rẹlẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ.

Ọkùnrin ni. Aró ló jọ nígbà tó jáde. Wọ́n gbá a, ó pẹ́, ó ké. Lọ́lá ní ìwọ́ ló yí i lọ́rùn ká, ó sì pàdé.

Mi ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀bẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Onírùngbọ̀n wá kí wọn ní ọsibítù. Ó gbá Fuad mọ́ra. Ó ní ọ̀já ti sọ̀rọ̀, ọ̀já ti gba ẹ̀mí là, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe púpọ̀ rẹ̀ fún àwọn aboyún. Fuad ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo rí i pé mi ò lè panu mọ́. Mo pe Fuad sí kọ́rídọ̀. Mo ní, "Ọ̀já yẹn ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ ha á."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, gbogbo bí Ewé ṣe lù wà níbẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní títí ọ̀bẹ mi fi kan ìlà yẹn, Ewé ń lù dáadáa, kò dẹ̀, kò rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Lọ́lá ti sọ fún un pé bí òun ṣe bá ọkàn ọmọ, ó ti ń rẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Pupa náà wà níbẹ̀, Ewé kò jọ ti ìyá.

"Ta ló wá ń lù, Màmá?"

"Ìwọ lo lọ sí yunifásítì."

 Nígbà tí Onírùngbọ̀n ti lọ, ó pè é lórí fóònù, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní ró ọ̀já yẹn mọ́ títí àwọn yóò fi mọ ohun tó ń gbọ́. Èmi ń gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń bínú nínú fóònù. Fuad pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Orí ọmọ ọmọ mi yìí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

A ti délé. Mo wẹ ọmọ nínú igbá bàbá mi. Ó tọ̀ sí mi lójú. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀ nígbà tí mò ń nù ún. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ó dáa.

Nírọ̀lẹ́, Fuad fi ohun tó wà nínú fóònù han ìyàwó rẹ̀. Mo ní kó má ṣe é, ó ṣe é. Mo rò pé Bùkúnmi yóò bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù. Ó fi ìka ta á lórí ẹní: yá-yá, dúró.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ lọkàn oyún àkọ́kọ́ ṣe ń lù. Dókítà jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó ń fò díẹ̀, pé kò burú."

Fuad dìde, ó jáde síta. Ó dúró nínú ọyẹ́ láìwọ ẹ̀wù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Mo wá ọ̀já yẹn láti sun ún. Mi ò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

Mo ní láti sọ èyí kí Fuad tó dé. Ó lọ ra gáàsì.

Ọ̀sán ni. Mò ń dín ẹja. Ọmọ ń ké nínú yàrá, mo rò pé ìyá rẹ̀ yóò gbé e. Ẹkún náà kò dáwọ́ dúró. Mo pa iná, mo lọ wò ó.

Ọmọ wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bùkúnmi jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ọ̀já wà níkùn rẹ̀, lórí ojú abẹ tí kò tíì jinná. Àpótí wà níwájú rẹ̀. Ewé ń tàn.

Mo gbé ọ̀já wò. Ibi tí mo ha ti dúdú padà. Ó ti mú pẹ́ńsùlù ìyàwòrán Fuad, ó ń fi kùn ún, ó ń fi kùn ún, títí ó fi ń dán. Ìlà ti pàdé.

"Bùkúnmi. Ọmọ ń ké."

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èyí díẹ̀ sí i." Kò yí ojú padà. "Kò sẹ́ni tó gbé èyí rí. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e."

Mi ò mọ bí a ṣe ń rẹ èèyàn lẹ́kún. Mo jókòó sílẹ̀ tì í, eékún mi sì ké ju ọmọ lọ. Mo ní, "Èyí tó wà láàyè ló ń ké yẹn. Èyí tó wà níhìn-ín ò lè mu ọmú. Kò lè wọlé, kò lè jáde. Ìwọ lo sé e mọ́ bẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo lọ mú ọ̀bẹ. Mo na èèkù rẹ̀ sí i. Mo ní èmi ò ní ha á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀.

Ó gba ọ̀bẹ. Ó fi èdè Ìsánlú sọ nǹkan kan, kì í ṣe ohun tí mo yẹ kí n gbọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu ọ̀bẹ kan ibi tó fi pẹ́ńsùlù kùn, ó ha á. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fá orí ọmọ. Ewé ní yá-yá. Kò dé orí dúró. Ó kú.

Ní ìṣẹ́jú kan náà, ọmọ orí ibùsùn dákẹ́.

Àwa méjèèjì ò mira. Bùkúnmi di ọ̀bẹ mú. Kò lè yíjú padà. Ìdákẹ́ yẹn, ó ti mọ̀ ọ́n rí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo dìde, nítorí èmi ni àgbà. Ojú ọmọ là sílẹ̀. Ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé onílé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Ó móoru. Ó ń rùn wàrà.

"Màmá, ó ń mí?"

Mo tẹ́tí títí. Mo fẹ́ kó dá mi lójú.

Yá-yá, dúró. Yá-yá, dúró.

Mo ní, "Ó ń mí. Gbà, fún un lọ́mú."

Ó gbà á, ọmọ mu. Mo padà sídìí ẹja mi. Ìwọ fóònù nìkan ni mo sọ ìyókù fún. Bùkúnmi ò tíì gbé etí lé e.